Ajá, Olówó Ajá, àti Òfin

Nínú gbogbo ẹran tí ó ń bá ọmọ ènìyàn gbé, kò sí èyí tí ó súnmọ́ ọn tó ajá. Ewúrẹ́ a máa jẹun tán, a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Adìẹ kò mọ ẹnikẹ́ni ju ẹni tí ó da àgbàdo sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ajá a máa dá ìró ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè, a sì sáré lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ìlú kan bá wà tí kò gbọdọ̀ fojú tín-ínrín ajá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọdẹ ni Ògúnlọ́lá, Sọ̀ún àkọ́kọ́, tí ó pàgọ́ sí ìdí igi àjàgbọn nígbà tí ibẹ̀ kò tíì di ìlú. Ọdẹ sì ni àwọn tí ó bá pàdé nínú igbó yíká, tí wọ́n jọ di ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ọdẹ kò sì rọrùn láìsí ajá.

Nínú ilé ọdẹ ni Yorùbá ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ajá. Ọdẹ a máa so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tí ó wà nínú igbó, a sì máa fi fèrè pè é padà. Níbẹ̀ ni òwe ti jáde wá pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọ́n tún ń pa á lówe pé ajá tí ó bá ní ènìyàn lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Bí a bá wo òwe kejì yìí dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe eyín ajá nìkan ni ó pa ọ̀bọ. Ẹni tí ó dúró tì í lẹ́yìn ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí ajá bá lọ pa adìẹ ní ilé ẹlòmíràn, a kì í bá ajá rojọ́. Olówó rẹ̀ ni a ń ké sí. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìran tí ajá náà ti wá. Ìran kan náà kúkú ni gbogbo wọn: ajá tí kò tóbi púpọ̀, tí irun rẹ̀ kò gùn, tí ó pupa rúsúrúsú tàbí tí ó dúdú tàbí tí ó ní àmì funfun láyà, tí ìrù rẹ̀ sì ká sókè.

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Tákíè ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó kún ojú títì, yóò rí irú ajá bẹ́ẹ̀. Wọn a máa rìn kiri lẹ́bàá ìsọ̀ alápatà, wọn a máa tú ààtàn, nígbà tí oòrùn bá sì mú, wọn a lọ sùn sábẹ́ tábìlì ọjà. Àwọn kan nínú wọn ní olówó tí yóò pè wọ́n wọlé ní alẹ́. Àwọn mìíràn jẹ́ ti gbogbo ìlú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò titun tí ó wà lẹ́yìn ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti fi ọgbà gíga yí ilé ká, irú ajá mìíràn ni ènìyàn yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn irin. Ẹ̀rù olè àti ti ajínigbé ti mú kí àwọn tí ó rí já jẹ máa ra Rottweiler tí ó ti Jámánì wá, àti Boerboel tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá, àti Caucasian láti àwọn òkè ńlá tí ó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì. Àánú ẹ̀yìn yìí a máa ṣe ènìyàn: aṣọ onírun tí a dá fún yìnyín ni ó ń wọ̀ kiri nínú ọyẹ́ àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa.

Àwọn ajá ńlá wọ̀nyí lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já wọ ìgboro, tí ó sì ṣe ọmọdé léṣe, ìbéèrè kan ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn: kí ló dé tí ìjọba kò ṣe òfin tí yóò dárúkọ irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀, kí ó sì ka wọ́n léèwọ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn ìlú ńlá ní òkè òkun ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń jiyàn lé e lórí láti ọdún pípẹ́. Ó tọ́ kí ọmọ ilé ìwé mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òfin Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì ń gbé níbẹ̀. Ní àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ajá bá akọ màlúù jà, wọn a sì máa fi ajá bá ajá jà, wọn a máa ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Ní 1835, ìjọba fi òfin de eré ìkà yìí. Ṣùgbọ́n ìran ajá tí wọ́n ti ń ṣà fún ìjà láti ọjọ́ pípẹ́ kò parẹ́. Àwọn kan kó wọn dé Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní pit bull sì ti jáde. Ní 1871, òfin mìíràn fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ pé kí olówó ajá tí ó léwu kó ajá rẹ̀ ní ìjánu, tàbí kí a pa ajá náà. Òfin yìí kò bìkítà nípa ìran. Bí ajá bá kéré bí ológbò, tí ó sì burú, ó kàn án. Bí ó bá tóbi bí ọmọ màlúù, tí ó sì jẹ́ẹ́jẹ́, kò kàn án. Fún ọgọ́fà ọdún ni ọ̀rọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991 ni nǹkan yí padà. Ajá pit bull kan bu ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà jẹ ní ìlú Bradford, ó sì ṣe é léṣe gidigidi. Kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní ọdún náà. Ìbínú gba gbogbo ilẹ̀ náà kan, àwọn oníwèé ìròyìn kò sì jẹ́ kí ìjọba sinmi. Kenneth Baker, tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, gbé òfin titun kalẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìran mẹ́rin ni a dárúkọ: pit bull, Tosa ti ilẹ̀ Japan, Dogo Argentino, àti Fila Brasileiro. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ mú wọn bímọ mọ́, tàbí tà wọ́n, tàbí fi wọ́n tọrẹ. Ẹni tí ó bá ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa fi okùn mú un rìn, kí ó sì máa dì í lẹ́nu ní gbangba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pípa ni. Adájọ́ kò tilẹ̀ ní àyè láti ṣàánú àfi ìgbà tí a tún òfin náà ṣe ní 1997.

Àwọn tí ó fara mọ́ irú òfin yìí ní ọ̀rọ̀ tí ó lágbára láti sọ. Wọ́n ní ajá kékeré lè bínú ju ajá ńlá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìbínú àwọn méjèèjì lè ṣe kò dọ́gba. Ajá tí a ti ṣà láti ìran dé ìran pé kí ó má ṣe tú ẹnu rẹ̀ bí ó bá ti gbá nǹkan mú, kò lè jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí a ṣà láti máa da àgùntàn. Wọ́n tún sọ pé òfin tí ó bá dúró de ìgbà tí ajá bá bu ènìyàn jẹ kí ó tó ṣiṣẹ́ ti pẹ́ jù fún ẹni tí a bù jẹ. Kò sí ìlú tí ń dúró kí kìnnìún kọ́kọ́ pa ẹnì kan kí ó tó sọ pé a kò gbọdọ̀ sin kìnnìún ní àárín ilé. Ẹni tí ó bá ti rí ojú ọmọ tí ajá fà ya kì yóò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin náà dé ẹnu iṣẹ́, ìṣòro kan yọjú tí àwọn tí ó ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ rò tẹ́lẹ̀. Báwo ni a ṣe ń mọ pit bull? Ajá kò ní ilà lójú. Nígbà tí akọ ìran kan bá gun abo ìran mìíràn, àwọn ọmọ tí wọn yóò bí lè jọ ìran kẹta. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa ajá tí ó bá rí bí pit bull, nítorí náà ìrísí ni a fi ń dá ẹjọ́: a ó wọn orí rẹ̀, àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìrù rẹ̀. Èyí tí ó wá ṣòro jù ni pé, bí ìjọba bá ti fi ẹ̀sùn kan ajá pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, olówó rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajá tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí ṣe kú nítorí ìbú orí wọn.

Ohun mìíràn tún wà. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ẹ̀jẹ̀ ìran kan ni ewu wà, ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lórí ìran náà. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 2010, ilẹ̀ Denmark ka Boerboel àti Caucasian mọ́ àwọn ìran mẹ́tàlá tí ó fi òfin dè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tí ó fi òfin de ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Ní ilẹ̀ Ireland, òfin 1998 sọ pé German Shepherd, èyí tí àwọn ọlọ́pàá kárí ayé ń lò, kò gbọdọ̀ jáde sí gbangba bí a kò bá dì í lẹ́nu. Bí ó bá sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ di òmìnira. Ajá kan náà ni, eyín kan náà ni.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà dá sí i. Ní 2022, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Science. Wọ́n ti béèrè ìwà ajá tí ó lé ní 18,000 lọ́wọ́ àwọn olówó wọn, wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ àwọn tí ó lé ní 2,000 nínú wọn wò láti mọ ìran wọn. Wọ́n rí i pé ìran máa ń sọ púpọ̀ nípa bí ajá yóò ti rí, ṣùgbọ́n nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwà ajá kan àti òmíràn, nǹkan bí ìpín 9 nínú 100 ni ó tọwọ́ ìran wá. Èyí tí ó kù jẹ́ ti bí a ti tọ́ ọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, àti ohun tí a bí mọ́ òun tìkára rẹ̀. Ìpín 9 kì í ṣe òfo. Ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè fi gbé ìdájọ́ ikú kalẹ̀.

Ní 2023, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ajá titun kan ti dé láti Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní XL Bully, tí ọrùn rẹ̀ nípọn, tí àyà rẹ̀ sì fẹ̀. Kò sí nínú ìran mẹ́rin ti 1991. Lẹ́yìn tí irú ajá yìí ti pa àwọn ènìyàn mélòó kan, Rishi Sunak, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde ní oṣù kẹsàn-án pé òun yóò fi òfin dè é. Láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní ọ̀kan ní England àti Wales láìní ìwé ẹ̀rí. Kí ènìyàn tó lè rí ìwé náà gbà nígbà náà, ó ní láti san £92.40, kí ó tẹ ajá náà lọ́dàá, kí ó ti ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fi orúkọ olówó hàn sábẹ́ awọ rẹ̀, kí ó sì san owó adójútòfò tí a ó fi tọ́jú ẹnikẹ́ni tí ajá náà bá ṣe léṣe. Ajá tí ó lé ní 50,000 ni a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láìbéèrè, lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù nítorí pé akọ ajá náà ga tó ìnṣì 20 ní èjìká, tí àwọn àmì yòókù sì bá a mu.

Àwọn olùfẹ́ òfin ìran sọ pé XL Bully fi hàn pé ìjọba kò tètè ṣọ́ra tó. Àwọn alátakò sọ pé ohun kan náà fi hàn pé òfin 1991 kò dí ihò náà: nígbà tí a dí ẹnu ọ̀nà mọ́ pit bull, àwọn tí ń fẹ́ ajá tí yóò máa da ẹ̀rù bo ènìyàn lọ wá òmíràn. Ó jọ pé òtítọ́ pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ àwọn alátakò. Orúkọ ni òfin lè kà. Ìfẹ́ láti ní ohun tí ń dẹ́rùba aládùúgbò kò sí nínú ìwé orúkọ.

Àwọn ìlú mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀, wọ́n sì ti padà lẹ́yìn. Ilẹ̀ Netherlands fi òfin de pit bull ní 1993, ó sì kọ òfin náà sílẹ̀ ní 2008. Ìlú Denver ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1989. Àwọn ará ìlú dìbò ní 2020 láti tú u ká. Ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn tí pit bull pa àwọn ọmọdé ní 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí a fi òfin dè é, àwọn olówó ajá kan sì ń fúnra wọn kó tiwọn lọ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ẹran. Ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia ní Jámánì gba ọ̀nà mìíràn tí ó ní làákàyè nínú. Lóòótọ́ ó ní orúkọ ìran kan nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2003 ni ó ti fi kún un pé ajá yòówù tí ó bá ga tó 40 sẹ̀ńtímítà tàbí tí ó bá wúwo tó 20 kílò, olówó rẹ̀ gbọdọ̀ sọ fún ìjọba, kí ó sì fi hàn pé òun mọ bí a ti ń tọ́jú ajá. Ẹnikẹ́ni lè gbé ajá sórí òṣùwọ̀n. Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè gbé ìran lé.

Nígbà tí a bá mú gbogbo èyí padà wá sí Tákíè, ìbéèrè titun ni ó yẹ kí a béèrè: ajá wo ni ó ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ wa? Idáhùn rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ọgbà gíga. Àrùn dìgbòlugi ni ó pọ̀ jù nínú ikú tí ajá ń mú wá fún ènìyàn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá kó o, 99 ni ó jẹ́ pé ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú mẹ́wàá tí ó ń pa, mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, tàbí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé.

Kòkòrò àrùn yìí wà nínú itọ́ ajá tí ó bá ti kó o. Nígbà tí ajá náà bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí ó lá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kòkòrò náà a gba inú ẹran ara bọ́ sí inú iṣan ìmọ̀lára, a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ìrìn náà a sábà máa gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yìí, ara ẹni tí a bù jẹ a máa yá gágá, ọgbẹ́ rẹ̀ a jiná, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ a sì gbàgbé. Ìgbà tí ó bá dé ọpọlọ ni ibà yóò bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ yóò máa fún pọ̀ bí ó bá ti rí omi, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì dàrú. Láti ìgbà náà, kò sí oògùn tí a mọ̀ tí ó ń wò ó. Ẹni tí ó yè níbẹ̀ kò pọ̀ rárá láyé.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ajá bá ń sínwín, ó mọ ojú iná. Òwe náà dára fún ohun tí wọ́n ń lò ó fún, ṣùgbọ́n dìgbòlugi kò gbọ́ ọ rí. Ajá tí ó bá kó o lè bu olówó tí ó tọ́ ọ dàgbà jẹ. Ó sì lè ti máa tú kòkòrò náà jáde nínú itọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ìṣe rẹ̀ tó yí padà, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń bá a ṣeré kò ní rí nǹkan kan. Ọmọ ajá kékeré tí àwọn ọmọ ń gbé jó ní àgbàlá lè ní in. Kò sí ìwé òfin ní gbogbo ayé tí ó dárúkọ ọmọ ajá kékeré mọ́ àwọn ajá eléwu.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé ikú tí ó ṣeé dí lọ́nà ni. Ní oṣù keje ọdún 1885, Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi bù ú jẹ, ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Kì í ṣe epo, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí a bá kọ fún un, kì í ṣe ẹyọ kan péré. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣàìní ilé ìwòsàn ńlá: èyí tí ó jẹ́ ti Yunifásítì Bowen lónìí ti wà láti ìgbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1907. Ní ti ajá náà, àṣà wa ni pé kí a sáré pa á, kí a sì sọ ọ́ sí igbó. Bí ó bá ṣeé ṣe láìsí ewu, ó sàn kí a tì í mọ́lé, kí oníṣègùn ẹran máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn èyí, a mọ̀ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ. Ajá tí a ti jù sígbó kò lè jẹ́rìí.

Nítorí náà, bí a bá gbé òfin ilẹ̀ Denmark wá sí Tákíè gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò mú Boerboel tí ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn irin, tí olówó rẹ̀ ní agbára láti san owó abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, yóò sì fi ajá tí ó sùn sábẹ́ tábìlì alápatà sílẹ̀, nítorí pé kò ní orúkọ ìran. Kì í ṣe pé kí a fi Boerboel sílẹ̀ kí ó máa rìn bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹran tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ ní ọgbà tí ó gbà á, ìlẹ̀kùn tí ń tì, okùn tí kò lè já, àti owó tí yóò fi tọ́jú ẹni tí ajá rẹ̀ bá ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n orí olówó ni gbogbo èyí wà. Ajá kì í rorò kí ó ṣọ́ ojúlé méjì. Ó yẹ kí a lè mọ ojúlé kan tí ajá kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́.

Agbára láti ṣe èyí kò jìnnà. Ìwé Òfin Àgbà ti Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi ìṣàkóso ìrìn àti títọ́jú ẹran ọ̀sìn àgbélé, irú èyí tí ó wù kí ó jẹ́, sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò dárúkọ ìran kan. Òfin 1998 tí ó to àwọn owó orí àti owó àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ sì ti fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àyè láti gba owó ìwé àṣẹ lórí irú ẹran bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sọ pé ẹni tí ó ní ajá gbọdọ̀ gba ìwé, tí kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àfi ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára hàn, tí owó ìwé náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá oníṣu lè san án, a ti dé ibi tí òfin ìran kò lè dé. Bí owó náà bá pọ̀ jù, àwọn ènìyàn yóò sọ pé àwọn kò ní ajá, ajá ìgboro yóò sì máa pọ̀ sí i. Èyí ni ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́.

Ó ku àwọn ajá tí kò ní olówó. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí a bá gún 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan ní abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kò ní rí ọ̀nà gbà láti ara ọ̀kan dé ara òmíràn mọ́. Kò di dandan kí a gún gbogbo wọn, kò sì di dandan kí a pa wọ́n. Ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ti ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣègùn ẹran tí wọ́n kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kò sì jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí Pasteur kú ní 1895, ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìgbéjàko dìgbòlugi, ìpinnu àwọn àjọ àgbáyé sì ni pé kí ó tó di ìparí 2030, kí ènìyàn kankan má ṣe kú mọ́ nípa dìgbòlugi tí ó ti ara ajá wá. Nǹkan kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a rántí ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí a bá ń múra irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ó pín ìgboro ìlú náà láàárín ara wọn, Àríwá àti Gúúsù. Ajá tí ó jí ní Tákíè ní òwúrọ̀ lè wà ní abẹ́ ìjọba kejì kí ó tó di ọ̀sán, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì gbé abẹ́rẹ́ jáde.